Ojú Olójú Kò Jọ Ojú Ẹni: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Máa Pinnu Ọ̀ràn Ìlú?

  

 Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ kéú wa tí wọ́n ti dàgbà máa ń bi wá nígbàkúùgbà tí ètò ìdìbò bá ti kọjá. Wọ́n á ní, "Alfa, ọjọ́ kan ṣoṣo láàrin ọdún mẹ́rin ni a fi ń jẹ́ onílùú. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ti mọ́, a ó padà di òǹwòran. Ṣé bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn?"

Ìbéèrè gidi ni. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ní abala 14 pé àwọn ará ìlú ni wọ́n ni àṣẹ, àti pé láti ọwọ́ wọn ni ìjọba ti ń gba agbára. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn 109 ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, pẹ̀lú 360 ní ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, ni wọ́n ń ṣòfin fún orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ lé ní igba mílíọ̀nù. Ẹni tí ó ni àṣẹ wà nílé, ẹni tí ó ń lo àṣẹ wà ní Àbújá. Àwọn baba wa sì ti sọ ọ́ pé ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ohun tí a rí sí ọ̀rọ̀ yìí ni pé, bí ọ̀ràn kan bá kan ará ìlú gbọ̀ngbọ̀n, ẹnu ara wọn ni ó yẹ kí wọ́n fi pinnu rẹ̀. Iṣẹ́ aṣojú ni kí ó máa jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an, kì í ṣe kí ó gba ilé lọ́wọ́ onílé. Ṣùgbọ́n ààlà kan wà pẹ̀lú, tí ará ìlú àti aṣojú kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ kí á mú àlàyé wá lẹ́sẹẹsẹ.

Kí ni ìyàtọ̀ méjèèjì?

Ọ̀nà méjì ni ìjọba tiwa-n-tiwa pín sí. Èkíní ni èyí tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ń péjọ, tí wọ́n ń jíròrò, tí wọ́n sì ń ṣòfin. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń yan àwọn díẹ̀ tí yóò lọ jókòó ní ipò wọn.

Èkíní ni ó dàgbà jù. Ní ìlú Athens, ní ilẹ̀ Gíríìkì, ní nǹkan bí ọdún 500 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà, orí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Pnyx ni àwọn ọkùnrin ọmọ ìlú ti ń péjọ. Àwọn ọ̀ràn kan wà tí kò lè kẹ́sẹ járí àfi bí ènìyàn 6,000 bá lọ́wọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ipò iṣẹ́ ìlú ni wọ́n ń ṣẹ́ gègé lé lórí, tí ó fi jẹ́ pé tálákà náà lè bá ara rẹ̀ lórí àga. Àbùkù wọn kò kéré: obìnrin kò sí níbẹ̀, ẹrú kò sí níbẹ̀, àlejò kò sí níbẹ̀. Wọ́n sì máa ń ṣe àṣìṣe. Ní ọdún 427 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà, wọ́n fi ìbínú pinnu pé kí wọ́n pa gbogbo ọkùnrin ìlú Mytilene tí ó dìtẹ̀ sí wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àánú ṣe wọ́n, wọ́n tún péjọ, wọ́n yí ìpinnu náà padà, wọ́n sì rán ọkọ̀ ojú omi mìíràn sáré tẹ̀lé ti àkọ́kọ́. Díẹ̀ ni ó kù kí ó pẹ́ jù. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí wọ́n ṣe àṣìṣe náà ni wọ́n tún un ṣe, ní ọjọ́ kejì, láìdúró de ọdún mẹ́rin.

Ọ̀nà kejì, ti aṣojú, gbilẹ̀ nígbà tí orílẹ̀-èdè fẹ̀ ju ohun tí ẹsẹ̀ lè rìn dé ibi ìpàdé lọ. Àwọn tí wọ́n gbè é lẹ́sẹ̀ ní àwíjàre. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1774, Edmund Burke, tí àwọn ará Bristol ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn sí ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ fún àwọn olùdìbò rẹ̀ pé làákàyè òun ni òun yóò máa lò, kì í ṣe àṣẹ wọn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni èyí. Yorùbá náà ní ohun tí ó jọ ọ́: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òjíṣẹ́ tí ó ní làákàyè kò ní fi ìwà òmùgọ̀ ba ọ̀rọ̀ ẹni tí ó rán an jẹ́.

Òótọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Òwe mìíràn wà nílẹ̀: ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ ẹrú jẹ́ tọmọ, iṣẹ́ náà ni ó ṣì ń jẹ́, kò fi tirẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Aṣojú tí ó bá ti dé Àbújá, tí ó wá ń bẹ̀rù olórí ẹgbẹ́ òṣèlú ju àwọn tí wọ́n rán an lọ, ti gbàgbé ilé tí ó ti jáde.

Ohun tí ẹ̀sìn kọ́ wa nípa aṣojú

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé fíkíhì yóò rántí orí tí ó dá lé wakala, èyíinì ni fífi ẹlòmíràn ṣe aṣojú ẹni. Ohun méjì ni ó hàn níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé wakili kò gbọdọ̀ kọjá ohun tí a fi rán an. Bí a bá fún ẹnìkan lówó kí ó lọ ra àgbò Iléyá wá, tí ó wá fi owó náà ra alùpùpù, ọjà náà kò di dandan fún wa, bí alùpùpù náà tilẹ̀ dára. Èkejì ni pé ẹni tí ó fi í ṣe wakili lè gba iṣẹ́ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ohun kan sì wà tí a kò lè fi rán ẹnikẹ́ni rárá. A lè ní kí ẹlòmíràn bá wa pa ẹran Iléyá, a lè ní kí ó bá wa gbé sàká dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó tọ́ sí. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè bá wa kí ìrun Àsùbáà kí á máa sùn? Nítorí náà, kò tó kí á béèrè pé "Ṣé aṣojú dára?" Ìbéèrè tí ó yẹ ni pé, "Èwo nínú ọ̀ràn wa ni ó ṣe é fi rán ènìyàn, èwo ni a kò gbọdọ̀ jókòó sílé lórí rẹ̀?"

Ẹ gbọ́ ìtàn kan tí Imam Bukhari gbà wá. Lẹ́yìn ogun Hunayn, ní ọdún kẹjọ Hijira, àwọn ẹ̀yà Hawazin wá bá Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a), wọ́n ti gba ẹ̀sìn, wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ kí á dá àwọn ènìyàn wọn tí a kó lẹ́rú padà. Àwọn ẹrú wọ̀nyí ti di ìpín àwọn Mùsùlùmí. Ànábì dìde láàrin ìjọ, ó sọ pé òun fẹ́ dá wọn padà, ó sì béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n yọ̀ǹda. Gbogbo ìjọ pariwo pé àwọn yọ̀ǹda. Ẹni tí ó jẹ́ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ṣé kò lè parí ọ̀rọ̀ sí ibẹ̀? Kò parí rẹ̀. Ó ní òun kò mọ ẹni tí ó yọ̀ǹda àti ẹni tí kò yọ̀ǹda nínú wọn, nítorí náà kí wọ́n padà, kí àwọn olórí wọn, tí Lárúbáwá ń pè ní urafaa, lọ bi wọ́n, kí wọ́n sì mú èsì wá. Àwọn olórí náà lọ, wọ́n bá àwọn ènìyàn wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì padà wá jíṣẹ́ pé tọkàntọkàn ni wọ́n fi yọ̀ǹda.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí tó wa. Ariwo èrò kò tó, nítorí pé ẹni tí kò fẹ́ lè dákẹ́ láàrin ariwo. Aṣojú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bíbéèrè ni a ní kí ó lọ béèrè, a kò ní kí ó lọ bá wọn pinnu. Ẹni tí ọ̀ràn náà kàn ni ó sì sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

"Àwọn ará ìlú kò gbọ́n tó"

Àwọn kan yóò sọ pé mẹ̀kúnnù kò mọ̀wé, pé bí a bá fi ọ̀ràn lé e lọ́wọ́ yóò bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí á lọ sí Uhud, ní ọdún kẹta Hijira. Nígbà tí àwọn ará Mákà ń bọ̀ wá jagun, èrò Ànábì ni pé kí àwọn dúró sínú ìlú Mẹ̀dínà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́, pàápàá àwọn tí kò bá wọn dé Badr, ní kí á jáde lọ pàdé ọ̀tá. Ànábì tẹ̀lé ohun tí wọ́n wí. Ọjọ́ náà korò, nítorí pé nǹkan bí àádọ́rin Mùsùlùmí ni ó kú ikú ogun.

Bí ó bá jẹ́ pé àṣìṣe ìjọ tó ohun tí a fi ń gba ẹnu lọ́wọ́ ìjọ ni, ọjọ́ yẹn ni ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àáyá tí ó sọ̀kalẹ̀ nípa Uhud, ìyẹn nínú Sura Aal Imran, àáyá 159, ni Ọlọ́hun ti pàṣẹ fún Ànábì pé kí ó ṣe àmójúkúrò fún wọn, kí ó bá wọn tọrọ àforíjìn, kí ó sì máa bá wọn gbìmọ̀ lórí ọ̀ràn náà. Lẹ́yìn àṣìṣe ni àṣẹ ìgbìmọ̀ dé! Nínú Sura Shura, àáyá 38, ẹ̀wẹ̀, a ka ìgbìmọ̀ láàrin ara ẹni mọ́ ìwà àwọn onígbàgbọ́, ó sì bọ́ sí àárín ìrun kíkí àti nínáwó sí ojú ọ̀nà Ọlọ́hun.

Ẹni tí kò mọ̀wé mọ iye tí ó ra gàrí lánàá. Ó mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ kò lè gbà nígbà òjò. Ní jámáà kan tí a mọ̀ dáadáa, àwọn márùn-ún tí a yàn ṣe kòmítì jókòó, wọ́n sì pinnu láti gé ìdajì ibi tí àwọn obìnrin ti ń kírun, kí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù tí yóò máa mú owó wọlé. Èrò rere ni wọ́n gbà, nítorí pé gbèsè wà lọ́rùn mọ́sálásí. Ṣùgbọ́n wọn kò bi àwọn obìnrin léèrè. Láàrin oṣù méjì, àwọn ìyá wa kò wá mọ́, àwọn ọmọ tí wọ́n ń mú wá sí kéú sì dínkù. Nígbà tí wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tọkùnrin tobìnrin, ìyá kan tí ó ń ta àkàrà ni ó dìde tí ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, kí ni ẹ fẹ́ fi ibi tí pàntí kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ṣe?" Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà lónìí. Àwọn márààrún mọ ibẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ń gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí wọn ni wọ́n fẹ́ gba àyè kúrò.

Ilẹ̀ Swítsálándì

Bí ẹnìkan bá sọ pé èyí ṣe é ṣe ní jámáà, kò ṣe é ṣe ní orílẹ̀-èdè, kí ó wo Swítsálándì. Wọ́n ní ilé aṣòfin bíi tiwa, ṣùgbọ́n wọn kò fi gbogbo àṣẹ lé e lọ́wọ́. Bí ilé aṣòfin bá ṣe òfin tí kò tẹ́ àwọn kan lọ́rùn, tí wọ́n sì rí ènìyàn 50,000 tí ó fọwọ́ sí ìwé láàrin ọgọ́rùn-ún ọjọ́, gbogbo ìlú ni yóò dìbò "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lórí òfin náà. Bí ènìyàn 100,000 bá fọwọ́ síwèé láàrin oṣù 18, wọ́n lè gbé àbá àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ náà wá fúnra wọn. Ní ìpínlẹ̀ Glarus, ìta gbangba ni àwọn ará ìlú ṣì ti ń péjọ lọ́dọọdún, tí wọ́n ń nawọ́ sókè láti pinnu. Ní ọdún 2007, ìpàdé yìí gbà pé kí ọmọ ọdún 16 náà máa dìbò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́!

Ṣùgbọ́n a kò ní fi ẹ̀gún tí ó wà nínú ẹja yìí pamọ́ fún yín. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 2009, àwọn ará Swítsálándì dìbò pé kí á má ṣe kọ́ ilé gogoro mọ́sálásí mọ́ ní ilẹ̀ wọn. Mẹ́rin péré ni ó wà ní gbogbo ilẹ̀ náà nígbà náà. Ìjọba wọn àti ilé aṣòfin wọn ní kí wọ́n kọ àbá yìí, síbẹ̀ àwọn tí wọ́n gbà á lé ní 57 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, wọ́n tún dìbò fòfin de ìbòjú ní gbangba, pẹ̀lú nǹkan bí 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn obìnrin wọn pàápàá kò rí ẹ̀tọ́ ìdìbò gbogboogbò gbà àfi ní ọdún 1971, nítorí pé ọwọ́ àwọn ọkùnrin ni ìbò tí yóò fún wọn wà.

Ǹjẹ́ kí á wá sá padà sábẹ́ aṣojú? Ẹ wo ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 2004, ilé aṣòfin wọn ni ó ṣe òfin tí ó bọ́ ìbòrí kúrò lórí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní ọdún 2010, ilé aṣòfin náà ni ó fòfin de ìbòjú ní gbangba. Àwọn aṣojú ni wọ́n ṣe èyí, kò sí ìbò ará ìlú níbẹ̀. Nítorí náà, aṣojú kì í ṣe ààbò fún àwọn tí kò pọ̀. Ohun tí ó jẹ́ ààbò ni ààlà tí kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ kọjá rẹ̀, yálà ìlú ni tàbí aṣojú ìlú.

A rí irú ààlà bẹ́ẹ̀ nílé. Abala 38 ìwé òfin 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀. Orí ẹ̀tọ́ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ wa dúró sí nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lọ sí kóòtù, tí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sì dá wọn láre ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022. Bí a ti ń yọ̀ sí èyí, kí á rántí pé ààlà náà ń dáàbò bo aládùúgbò wa tí kì í ṣe Mùsùlùmí pẹ̀lú. Níbi tí àwa bá ti pọ̀ jù, kò yẹ kí á fi ìbò gba ohun tí a kò ní fẹ́ kí wọ́n fi ìbò gbà lọ́wọ́ wa.

Kí ni a ní lọ́wọ́ ní Nàìjíríà?

Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa pé kí ará ìlú fi ẹnu ara wọn pinnu. Ní oṣù keje ọdún 1963, àwọn ará agbègbè Àárín-Ìwọ̀ Oòrùn dìbò "bẹ́ẹ̀ ni" láti ya kúrò lára Ìwọ̀ Oòrùn, ìbò náà ni ó sì bí ẹkùn wọn. Ìwé òfin 1999, ní abala 69 àti 110, sì fún wa láyè láti pe aṣòfin padà wálé: kí ó lé ní ìdajì àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò tí yóò fọwọ́ síwèé, lẹ́yìn èyí kí àjọ elétò ìdìbò ṣe ìbò láàrin àádọ́rùn-ún ọjọ́.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yìí há. Ní ọdún 2017, wọ́n kó orúkọ tí ó lé ní 180,000 jọ láti pe sẹ́nẹ́tọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Kogí padà. Nígbà tí àjọ elétò ìdìbò lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn tí orúkọ wọn fìdí múlẹ̀ kò tó 20,000, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Òfin tí ó wà nínú ìwé kò tó. Àfi kí ará ìlú kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń jáde fún ọ̀ràn ara ẹni, ibi kékeré ni a sì ti ń kọ́ ọ.

A kò sọ pé kí igba mílíọ̀nù ènìyàn lọ péjọ sí pápá kan. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀ràn wọ́ọ̀dù kò tóbi ju wọ́ọ̀dù lọ. Kí ìjọba ìbílẹ̀ máa gbé ètò ìnáwó lórí ọ̀nà, omi àti ọjà wá sí ìpàdé gbogbo àdúgbò kí ó tó fọwọ́ sí i. Kí jámáà wa náà má ṣe jẹ́ kí kòmítì ta ilẹ̀, kọ́ ilé tàbí jẹ gbèsè láìbi ìjọ léèrè, kí a sì bi àwọn obìnrin pẹ̀lú. Kí aṣojú tí a bá yàn máa padà wálé ní àkókò tí a dá fún un, kí ó bi wá, kí ó tó gbé ọwọ́ sókè lórukọ wa, gẹ́gẹ́ bí àwọn urafaa ti ṣe. Kí àwọn aṣòfin sì jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà abala 69 fẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀tọ́ yìí ní ẹrù tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ pinnu gbọ́dọ̀ wádìí, ó gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkejì, ó sì gbọ́dọ̀ dé ibi ìpàdé. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń bú ìjọba nídìí rédíò, tí a kò ì bá rí ní ìpàdé àdúgbò láti ọdún tí ó kọjá. Bí àwa bá fi ojú wa sílé, ojú olójú ni wọn yóò máa fi bá wa wòran, ohun tí ó bá sì wù ú ni yóò sọ pé a rí.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní òye láti mọ ohun tí ó tọ́, kí ó fún wa ní sùúrù láti bá ara wa gbìmọ̀, kí ó sì ṣe àwọn tí a rán níṣẹ́ ní olóòótọ́. Àmín.